Láti Èkó dé Old Kent Road: Iṣẹ́ Atabéèsì Agbaṣẹ́ṣe

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹni tó bá ń rìn ní Old Kent Road, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, sábà máa ń gbọ́ gìtá béèsì kí ó tó gbọ́ ohùn akọrin. Ilé ìkẹ́rùsí àti ilé iṣẹ́ àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn ọmọ Áfíríkà sọ di ilé ìsìn níbẹ̀. Ògiri wọn lè dí ọ̀rọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n kò lè dí ohùn ìsàlẹ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní ọdún 2013 ka 240 ìjọ tí ó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, ní agbègbè Southwark nìkan. Níbi tí ìjọ bá pọ̀ tó báyìí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta béèsì kò lè ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní ìtàn, ìtàn náà sì ń kìlọ̀ pé orúkọ ẹni tí gbogbo orin gbára lé ló máa ń tètè sọnù.

Iṣẹ́ béèsì ni láti so ìlù mọ́ orin. Ó ń bá onílù tẹ ẹsẹ̀ ijó, ó sì ń fi ìpìlẹ̀ ohùn han akọrin. Lójú Yorùbá, ètò yìí ṣàjèjì díẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù tí ohùn rẹ̀ wúwo ni aṣáájú, òun ló ń fọhùn; gúdúgúdú tí ohùn rẹ̀ há ló ń tì í lẹ́yìn. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì tàbí rọ́ọ̀kì, ohùn òkè ló máa ń ṣáájú, ohùn ìsàlẹ̀ á sì gbé e ró. Nínú ohun èlò Yorùbá, agídìgbo ló sún mọ́ béèsì jù lọ, nítorí pé nínú àpàlà, àlùtúnlù rẹ̀ ni ilẹ̀ tí orin ń tẹ̀. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ti béèsì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ayé ló ń jó o, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ẹni tó ta á.

Atabéèsì agbaṣẹ́ṣe ni ẹni tí kò so ara rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n á pè é sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, nígbà púpọ̀ fún wákàtí mẹ́ta, èyí tí ó jẹ́ ìwọ̀n iṣẹ́ kan lábẹ́ àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn olórin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò gbọ́ orin, yóò wá ohun tó yẹ ẹ́, yóò ta á, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì máa lọ. Herbie Flowers (1938–2024) jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Inú jáàsì ló ti wá, ṣùgbọ́n béèsì rẹ̀ wà nínú “Space Oddity” tí David Bowie gbé jáde ní 1969. Nígbà tí Lou Reed ń ṣe “Walk on the Wild Side” ní 1972, Flowers ta béèsì ńlá onígi, ó sì fi gìtá béèsì lé e lórí. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ, owó iṣẹ́ ohun èlò méjì ló gbà. Ohùn méjèèjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá orin náà mọ̀ títí dòní.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìpín nínú owó tí àwọn tó ń lo àwo orin, bí ilé iṣẹ́ rédíò, ń san. Àjọ PPL ló ń pín in. Ṣùgbọ́n kí ìpín tó lè dé ọwọ́ olórin, àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pé ó kópa nínú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí àwo ti di ọ̀nà oúnjẹ.

Ìrìn àjò Gbenga Odumosu, tí àwọn olólùfẹ́ orin mọ̀ sí Mike, fi hàn bí atabéèsì ọmọ Yorùbá ṣe wọ agbo yìí. Ní Èkó ní 1972, òun àti Berkley Jones atagìtá pẹ̀lú Laolu Akins onílù dá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di BLO. Àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta, béèsì kò ní ibi tí yóò sá sí: bí gìtá bá ti ń dá rìn lókè, béèsì nìkan ló kù láti dí àlàfo tó wà láàárín òun àti ìlù. Nígbà tó yá, Odumosu fi BLO sílẹ̀ láti darapọ̀ mọ́ Osibisa, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Gánà, Nàìjíríà àti erékùṣù Karibíánì ti dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1969. Spartacus R, ọmọ Grenada, ló kọ́kọ́ jókòó lórí àga béèsì ẹgbẹ́ náà. Jean Dikoto Mandengue, ọmọ Kamẹrúùnù, tún jókòó níbẹ̀ kí ó tó kan ọmọ Nàìjíríà yìí. Odumosu wà pẹ̀lú wọn ní sáà tí wọ́n ṣe Ojah Awake, àwo ọdún 1976. Ní Èkó, Biddy Wright ló gba ipò rẹ̀ nínú BLO. Wright yìí kan náà ló bá àwọn Lijadu Sisters ṣiṣẹ́ lórí Danger ní 1976. Bí ẹnì kan bá dìde lórí àga, ẹlòmíràn á jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Àga kì í dá dúró láìsí yàrá. Gary Crosby, tí òun náà jẹ́ atabéèsì, mọ èyí nígbà tí òun àti Janine Irons dá Tomorrow's Warriors sílẹ̀ ní 1991 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní jáàsì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ezra Collective ti pàdé. TJ Koleoso ló ń ta béèsì wọn, Femi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lu ìlù. Ní 2023 wọ́n di ẹgbẹ́ jáàsì àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Mercury.

Fún ọ̀dọ́ mìíràn, ilé ìsìn ni ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, ẹni tó ń ṣáájú orin lè gbé orin kalẹ̀ láìsọ ibi tí ohùn rẹ̀ yóò gbà. Atabéèsì gbọ́dọ̀ bá a kí ìlà kejì tó dé, kí ó sì lè bọ́ láti inú hymn sínú jùjú, láti inú jùjú sínú highlife, láìdúró. Etí tó yá báyìí ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ń wá.

Ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ṣe fún Old Kent Road ń retí 20,000 ilé tuntun, pẹ̀lú ìrètí pé ojú irin Bakerloo yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí owó ilé ti rọ ìjọ lọ́rùn, ni púpọ̀ nínú ilé náà yóò gùn. Ará ìlú nílò ilé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá kó lọ sí ọ̀nà jíjìn lè rí gbọ̀ngàn mìíràn, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi ìgbáradì lè má rí owó ọkọ̀. Kò sí àwo orin tí yóò fi àìsí rẹ̀ hàn. Ohun kan wà tí ìjọ àti olùwádìí lè ṣe láìdúró de ìjọba: kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ta béèsì sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orin tó ta, nígbàkígbà tí wọ́n bá gba ohùn sílẹ̀.