Nígbà tí òjò kò jẹ́ kí ọbabìnrin oyin rí akọ

Oṣù kẹta ọdún 2012 móoru ní Bìrìtéènì ju bó ṣe yẹ lọ. Igi tètè rúwé, àwọn tó ń sin oyin sì ti ń múra sílẹ̀ fún ọdún rere. Àfi bí òjò ṣe dé lóṣù kẹrin. Láti ọdún 1910 tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ òjò gbogbo ilẹ̀ náà, kò tíì sí oṣù kẹrin tí òjò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà náà dé, òun náà borí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2013, BBKA, ẹgbẹ́ àwọn olùsìn oyin, ka òkú: nínú ilé oyin 100, bíi 34 ló ti kú. Lọ́dún tó ṣáájú, 16 ni. Lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni àwọn ọbabìnrin tí kò rí akọ gbà dáadáa.

Báwo ni òjò oṣù kẹrin ṣe ń pa oyin ní oṣù kìíní? Ara ọbabìnrin ló ń gbà. Ilé oyin kan kì í sábà ní ju ọ̀kan lọ, ẹyin rẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ sì ti ń wá. Bó bá darúgbó, tàbí tí olóyin fẹ́ pín ilé kan sí méjì, àfi kí wọ́n tọ́ òmíràn.

Títọ́ ọ kò le jù. Ẹyin tí ì bá di òṣìṣẹ́ náà ló ń di ọbabìnrin, oúnjẹ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọgbọ́n tí G. M. Doolittle, ará Amẹ́ríkà, kọ sínú ìwé lọ́dún 1889 ni wọ́n ṣì ń lò: wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ bu ìdin tí kò tíì lò ju ọjọ́ kan lọ, wọ́n á rọra gbé e sínú ife ìda kékeré, wọ́n á sì gbé ife náà fún àwọn oyin tí wọ́n ti gba ọbabìnrin kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ funfun kíki tó ń sun láti inú orí wọn bọ́ ọ. Bó bá di ọjọ́ 16 tí wọ́n ti yé ẹyin náà, ọbabìnrin jáde.

Òtútù lè ba èyí jẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ká a. Nínú ilé oyin, ooru bíi ìwọ̀n 35°C ló mọ́ ìdin lára, ìta tútù kì í pẹ́ ṣe é léṣe. Wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì rin díẹ̀, bo afárá tí ìdin wà, wọ́n á sáré gbé e wọ ilé ìdáná láti bu ìdin níbẹ̀. Bí òjò kò bá jẹ́ kí oyin dé ìdí òdòdó, wọ́n á fún wọn ní omi ṣúgà.

Gbígba akọ ni kò sẹ́ni tó lè bá wọn fi agídí ṣe. Inú ilé kọ́ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó jáde, ọbabìnrin á fò lọ́sàn-án sí ibi tí akọ láti oríṣiríṣi ilé ti ń pàdé lójú òfuurufú, á sì gba bíi mẹ́wàá sí ogún. Akọ kọ̀ọ̀kan tó gùn ún á já bọ́, á kú. Àtọ̀ tó bá gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló máa lò títí ayé rẹ̀. Ó fẹ́ oòrùn, ó fẹ́ kí atẹ́gùn rọlẹ̀, ooru bíi 20°C ló sì tù ú lára. Nígbà ìrúwé tí òjò bá pọ̀, ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀ láìsí irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bá kọjá, àsìkò rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Á yé ẹyin o, ṣùgbọ́n ẹyin tí kò ní àtọ̀, akọ ló ń dà. Àlùfáà Johann Dzierzon ló tú àṣírí yẹn ní 1845. Ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ wò: ìdérí ìda tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ á ti wú sókè káàkiri bí òkúta wẹ́wẹ́. Èyí tó gba akọ díẹ̀ ló ń dùn mí jù, nítorí kì í tètè hàn. Á máa yé ẹyin lọ ní gbogbo ìgbà ooru, àtọ̀ á wá tán lára rẹ̀ nígbà òtútù, nígbà tí kò sí akọ tí arọ́pò rẹ̀ lè gbà. Ilé yẹn parun.

Akọ alára ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Ó ń lo ọjọ́ 24 kó tó jáde, ó tún fẹ́ bíi ọ̀sẹ̀ méjì kó tó gbó tó ẹni tó ń gun abo. Bí òjò bá mú kí oúnjẹ wọ́n, ìdin akọ ni àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń jẹ tàbí kó dànù. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kéèyàn má fọwọ́ kan irin tó fi ń bu ìdin títí yóò fi rí akọ tó ń rìn lórí afárá. Kí wọ́n sì fi àpótí kékeré tí ọbabìnrin ti ń dúró de akọ, tó gba ìwọ̀nba oyin bí ife kan, sílẹ̀ di ìgbà ooru. Oyin díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ara wọn gbóná.

Ẹni tó bá ń kánjú lè ra ọbabìnrin láti Ítálì tàbí Gíríìsì. Láti 2021, òun nìkan ni òfin gbà kí wọ́n kó wọ England, Scotland àti Wales láti EU; wọn ò lè kó odindi ilé oyin mọ́. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ti Brother Adam wù mí jù. Mọ́ńkì tí wọ́n bí ní Jámánì ni, ilé àwọn mọ́ńkì ní Buckfast, Devon, ló sì ti lo ayé rẹ̀. Ní 1925 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọbabìnrin lọ sí orí òkè Dartmoor, níbi tó tutù tí òjò sì pọ̀, kí wọ́n lè gba kìkì akọ tó yàn fún wọn. Ìgbà ooru ló máa ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Á jẹ́ kí wọ́n fi àpótí wọn, tó tóbi ju ti ife kan yẹn lọ, la òtútù já, bó bá sì di oṣù kẹta ọdún kejì, á pín wọn fún àwọn ilé tó ń fẹ́ ọbabìnrin. Ẹni tó bá ní méjì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ nípamọ́ kò ní í bá òjò oṣù kẹrin du ohunkóhun.