Nígbà tí Àmì Àrùn Bá Kù Lẹ́yìn Ìtọ́jú Àtọ̀sí

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983 ni ọ̀dọ́ ti ń pọ̀ sí i ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkokomáíkò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí púpọ̀ nínú wọn kì í lè sọ síta: ẹnì kan gba ìtọ́jú àtọ̀sí, ó lò ó tán, síbẹ̀ ìtọ̀ ṣì ń ta á. Kí ni ó fà á? Ìdí mẹ́rin ni kí a yẹ̀ wò.

Èkíní, oògùn náà lè má ran kòkòrò náà. Albert Neisser, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò àtọ̀sí ní 1879. Lẹ́yìn náà, pẹnisílínì pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ní 1976, àwọn oníṣègùn ní Liverpool rí irú kan tí ó ń ba pẹnisílínì jẹ́, wọ́n sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra ampísílínì lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì lè máa náwó lásán. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni àwọn oníṣègùn gbára lé jù lónìí.

Èkejì, àrùn méjì lè jọ wọlé. Kìlàmídíà sábà máa ń bá àtọ̀sí rìn, abẹ́rẹ́ àtọ̀sí kì í sì í pa á. Ọyún yóò dáwọ́ dúró, ìrora yóò kù. Doxycycline ọjọ́ méje ni a fi ń tọ́jú rẹ̀, bí kì í bá ṣe aboyún.

Ẹ̀kẹta ni ẹnìkejì. Àwọn baba wa ní, bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán lórí èékánná. Bí ọkọ bá gba ìtọ́jú tí aya kò gbà á, àrùn yóò padà. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rí àmì kankan, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn náà lè dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé ọmọ. A ó wá máa pè é ní àgàn, a kò ní mọ ohun tí ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kòkòrò lè ti kú kí ara má tíì jinná. Àyẹ̀wò kan wà tí ó lè rí òkú kòkòrò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní ti sífílíìsì, irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan sábà máa ń fi àmì rẹ̀ hàn títí ayé, bí ó tilẹ̀ ti wò.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ "sítáfù" ti wọlé. Kòkòrò yìí ń gbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn le. Kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan ń mu oògùn ọdún kan sí èkejì nítorí rẹ̀, tí wọn kò sì wádìí kìlàmídíà rárá. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ni kí á ṣe? Bí àmì bá kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a má ṣe ra oògùn mìíràn fúnra wa. Kí a padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí a mú ẹnìkejì wa lọ́wọ́. Kí a yẹra fún ìbálòpọ̀ títí ọjọ́ méje yóò fi pé lẹ́yìn ìtọ́jú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí a tún ṣe àyẹ̀wò. Ìtìjú kò wo àrùn sàn rí.