Ìpele Gíga Òkè àti Ìyàtọ̀ Láàárín Ewéko àti Ẹranko: Àpẹẹrẹ Òkè Rwenzori

Ìfáárà
Bí ènìyàn bá gbéra láti etí òkun lọ sí àríwá Nàìjíríà, igbó kìjikìji ni yóò kọ́kọ́ là kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ni. Lórí òkè gíga, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ lè wáyé láàárín ìrìn ọjọ́ díẹ̀ péré. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tó fà á, kí olùkọ́ má baà fi orúkọ ìpele lásán kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ́ òkè Rwenzori, tó wà ní ààlà Uganda àti Kóńgò, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Margherita, ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù lọ, ga tó mítà 5,109.

Ohun tó fa ìyàtọ̀
Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, tí ooru sì ń dín kù. Ooru a máa fi nǹkan bí dígírì Sẹ́síọ́sì 6 dín kù fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí yìnyín fi wà lórí Rwenzori, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé.

Àwọn ìpele
Ìpele kìn-ín-ní ni igbó òkè, tó dé nǹkan bí mítà 2,500. Erin, ìnàkí àti ẹyẹ kan tó jẹ́ ẹbí àlùkò wà níbẹ̀. Oparun ló tẹ̀lé e, títí dé nǹkan bí mítà 3,000. Ìpele kẹta jẹ́ ti igi Erica, tó lè ga ju mítà 10 lọ. Láti nǹkan bí mítà 4,000 ni a ti ń rí lobelia àti senecio ńláńlá. Senecio kì í gbọn ewé gbígbẹ rẹ̀ dànù. Ó fi ń bo ara bí aṣọ òtútù. Lobelia a máa pa ewé rẹ̀ dé lálẹ́ láti dáàbò bo ọ̀mùnú rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan tó ń fa omi òdòdó rẹ̀ mu ló ń bá a gbé àtíkè òdòdó kiri. Lókè èyí, àpáta àti yìnyín ló kù.

Ewu tó wà níbẹ̀
Ní 1906, nígbà tí Luigi Amedeo, ọmọọba Ítálì, kó ikọ̀ rẹ̀ dé ṣóńṣó òkè náà, yìnyín ibẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 6.5 níbùú lóròó. Nígbà tó fi di 2003, kò tó ẹyọ kan mọ́. Bí ooru bá ń gòkè, oparun lè sún sí ààyè Erica, Erica lè sún sí ààyè lobelia. Níbo wá ni lobelia yóò sún sí? UNESCO fi òkè yìí sínú àkójọ ohun ìní àjogúnbá àgbáyé ní 1994. Òfin lè dá àáké dúró, kò lè dá ooru dúró.

Àgbálọgbábọ̀
Kí olùkọ́ ya òkè yìí sójú pátákó, kí ó sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: bí ooru bá fi dígírì 1 pọ̀ sí i, mítà mélòó ni ìpele kọ̀ọ̀kan yóò nílò láti sún sókè? Ìṣirò òkè yìí fi hàn pé yóò tó nǹkan bí 170. Ẹni tó bá rí ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ náà bọ̀rọ̀.