Ọ̀bẹ Iléyá: irú irin wo ló ń pẹ́ kó tó kújú?

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí ẹni tó fẹ́ pa ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa, kó má fi ìyà jẹ ẹran náà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ mìíràn wà tó jẹ́ pé, bó ti wù kí a pọ́n ọn tó, kò ní pẹ́ kújú. Irin tí wọ́n fi rọ ọ́ ló fà á.

Àwọn ẹyọ tíntìntín inú irin tò bí ìgbà tí a bá to sáàfù ìrun. Tí iná bá mú irin lásán dé ìwọ̀n Celsius 912, sáàfù náà yóò yí padà. Tí káábọ́ọ̀nù, èròjà inú èédú, bá wà nínú rẹ̀ tó ìdá 0.8 nínú 100, ìwọ̀n 727 ni ìyípadà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Sáàfù tuntun yìí ń gba káábọ́ọ̀nù mọ́ra. Tí irin bá rọra tutù, káábọ́ọ̀nù á ráyè jáde, irin á sì rọ̀. Tí alágbẹ̀dẹ bá rì í sómi lójijì, káábọ́ọ̀nù á há sáàárín, irin á sì le koko. Lẹ́yìn náà ni yóò tún yá a níná díẹ̀, bí ìwọ̀n 200, kó má baà ṣẹ́.

Irin tí káábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò tó ìdá 0.2 kò ní ohun púpọ̀ tó lè há, rírì sómi kò lè sọ ọ́ di ọ̀bẹ gidi. Ìdí nìyẹn tí irin sípíríǹgì mọ́tò fi dára fún ọ̀bẹ: káábọ́ọ̀nù ọ̀pọ̀ nínú wọn súnmọ́ ìdá 0.6. Krómíọ̀mù àti mangáníìsì tó wà nínú irú irin bẹ́ẹ̀ ń dá ìyípadà dúró díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì tó irin náà láti le, láìjẹ́ pé ó sán.

Níkẹ́lì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Irin ṣíbí tí kì í dípẹtà, tó ní krómíọ̀mù ìdá 18 àti níkẹ́lì ìdá 8, kì í kúrò nínú sáàfù ìgbà tó gbóná, bó tilẹ̀ tutù. Kò sí bí a ṣe lè rì í sómi tí yóò le. Irin ọ̀bẹ tí kì í dípẹtà yàtọ̀: krómíọ̀mù rẹ̀ máa ń tó bí ìdá 13, káábọ́ọ̀nù rẹ̀ sì tó láti mú un le.

Nítorí náà, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré lọ sọ́jà. Ọ̀bẹ tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀, ẹ rọra fi fáìlì gbo ẹ̀bá èèkù rẹ̀, torí irin rírọ̀ náà máa ń lẹ̀. Tí fáìlì bá ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́, ó rọ̀. Tó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó le.

Kí Ọlọ́hun gba ẹran iléyá lọ́wọ́ wa. Àmín.