Kì Í Ṣe Ibà Ni Gbogbo Ara Gbígbóná

Bí bàbá yín bá ti UCH ní Ìbàdàn dé sí Eko-Ende, tí àwọn dókítà ti fi ẹ̀rọ kékeré sí abẹ́ awọ àyà wọn, tí ara wọn sì wá gbóná lóru, kí ni ẹ ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní ibà ni, a ó sì ránṣẹ́ ra oògùn. Ẹ dúró ná.

Ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní pacemaker, a máa ta ọkàn jí bí ó bá ń falẹ̀. Wáyà rẹ̀ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Arne Larsson ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí lára, ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, ní 1958. Ó sì wà láyé títí di 2001. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Kòkòrò àìsàn tí ó bá wọ ìdí rẹ̀ ni ẹ̀rù, nítorí ó lè tọ wáyà dé ọkàn, àní lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Báwo ni dókítà ṣe ń wò ó láìlo ọ̀bẹ? Skáànù tí ẹ̀yin ìyá mọ̀ nígbà oyún náà ni. Ó ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọ inú ara, ìró náà a sì padà wá di àwòrán. Lónìí, òmíràn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà lè fi í sí àpò, kí ó wo aláìsàn lórí ibùsùn rẹ̀. Ó lè fi omi tí ó yí ẹ̀rọ ká hàn, tàbí ohun tí ó hù sí ara wáyà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo omi ni ọyún. Bí kò bá sì rí nǹkan, ewu lè wà síbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ń gbé omi ìwẹ̀ fún bàbá ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i: ojú ibẹ̀ pọ́n, ó wú, ó ń ro wọ́n, omi ń jáde, tàbí awọ ń fẹ́lẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi ewé sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ má ra kápúsù lọ́jà: oògùn tí a lò kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀. Ẹ gbé bàbá lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú káàdì ẹ̀rọ náà dání. Wọn yóò yẹ ibà wò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí kòkòrò bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́, nítorí oògùn nìkan kì í sábà tó. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ̀. Bí a bá tètè dé, ọ̀nà ìwòsàn ṣì wà.

Kí Ọlọ́run fún àwọn àgbà wa ní àlàáfíà. Àmín.