ÀBÓJÚTÓ ABO ẸṢIN NÍ ÀSÌKÒ TÍ Ó BÁ Ń WÁ AKỌ: ÀGBÉYẸ̀WÒ FÚN ILẸ̀ ETÍ Ọ̀SÀ BÍI AJIDO

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ nínú bébà yìí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ti da iṣẹ́ rú mọ́ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́. Abo ẹṣin tí a ń gùn, tí a sì ń kọ́ ní ìrìn àti eré, lè ṣe jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò ṣàdédé kọ gàárì, yóò máa gbé ìrù sókè, yóò máa tọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa han bí ẹṣin mìíràn bá sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ a fà á lẹ́gba. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni gan-an nìyí: pàṣán kò lè lé ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó lè sọ ẹṣin tí ó ṣe é gùn di ẹṣin tí ń bẹ̀rù ènìyàn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀, tí wọ́n á ní orí rẹ̀ kò pé.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè tí a ó lò. Àwọn tí ń sin ewúrẹ́ a máa sọ pé ẹran àwọn ‘ń wá akọ’. Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ìwákọ, tí a ó máa lò fún àsìkò tí abo fi ń gbà kí akọ gùn ún. A bẹ òǹkàwé kí ó kíyè sí ohùn rẹ̀, kí ó má baà kà á ní ìwakọ̀, èyí tí í ṣe iṣẹ́ awakọ̀. Ìṣòro kejì wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe gùn: òun kan náà ni a fi ń sọ ti ẹlẹ́ṣin, òun náà ni a fi ń sọ ti akọ ẹṣin. Nínú bébà yìí, ti ẹlẹ́ṣin ni a ń sọ bí a kò bá dárúkọ akọ.

Ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹṣin

Ajido jẹ́ ìlú àwọn Ògù létí ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì. Àgbọn, ẹja àti ọkọ̀ ojú omi ni a mọ̀ mọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ń wá ohun tí ń pòyì lójú agbo níbẹ̀, Zangbeto ni, kì í ṣe ẹṣin. Ìtàn gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀yọ́ Ilé tí ó fi ẹṣin ṣe agbára ogun kì í ṣe ẹni tí ń bí ẹṣin tó ìlò ara rẹ̀. Òkè lọ́hùn-ún, lápá àríwá, ni ó ti ń rà wọ́n. Àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ya wọ Dàhòmì lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan láàrin 1726 sí 1730, síbẹ̀ wọn kò lè fi ìsàlẹ̀ náà ṣe ibùjókòó. Robin Law, nínú ìwé rẹ̀ The Horse in West African History tí ó jáde ní 1980, ti ṣe àlàyé bí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ṣe pààlà fún ẹṣin ní apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Kí ni ó wá mú wa dé Ajido? Ohun tí ó mú wa débẹ̀ ni pé ẹṣin ti sọ̀ kalẹ̀ wá bá òkun. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù pólò ní Èkó ti wà láti 1904; a ń fi ẹṣin háyà fún àlejò ní etíkun Èkó; nígbà Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀. Ẹni tí yóò bá so abo ẹṣin mọ́lẹ̀ létí ọ̀sà kò lè gbára lé ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olótùútù. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ilẹ̀ wa fi yàtọ̀: ti ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ àti ti àrùn.

Bí ìwákọ ṣe ń ṣẹlẹ̀

Láti ìgbà tí ẹyin kan bá ti jáde títí di ìgbà tí òmíràn yóò jáde jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 21 sí 22. Nínú èyí, ìwákọ a máa gba ọjọ́ 5 sí 7. Ọjọ́ 14 tàbí 15 tí ó kù ni abo kì í fẹ́ rí akọ sójú. Ọpọlọ ni ó ń rán họ́mónù sí ilé ẹyin. Àpò omi kan tí ẹyin wà nínú rẹ̀ yóò máa dàgbà, yóò sì máa tú ẹsitirójìn sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó ń mú abo gbé ìrù sókè. Nígbà tí ìwákọ bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó parí, àpò náà yóò bẹ́, ẹyin yóò jáde, ojú ibi tí ó ti jáde yóò sì di kókó kan tí ń tú projẹ́sítírónì. Projẹ́sítírónì ni ó ń pa ìwákọ. Bí ilé ọmọ kò bá rí oyún, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá yóò tú prostaglandin síta láti pa kókó náà run, gbogbo rẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí a ó mẹ́nu bà nísàlẹ̀ kò ṣe ju ohun kan lọ: kí ara ẹṣin máa rí projẹ́sítírónì tàbí ohun tí ó jọ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ ni agogo tí ara ẹṣin ń wò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún fi ohun tí ó lé ní wákàtí 8 gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ. Nígbà òtútù tí òkùnkùn bá pọ̀, họ́mónù mẹlatónínì yóò pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, àṣẹ tí ń lọ sí ilé ẹyin yóò dáwọ́ dúró, púpọ̀ nínú àwọn abo ẹṣin yóò sì sinmi ìwákọ fún oṣù mélòó kan. Ẹlẹ́ṣin ibẹ̀ lè fi iṣẹ́ tí ó le pamọ́ de àsìkò ìsinmi náà. Ajido wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.4 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ìyàtọ̀ ọjọ́ gígùn àti ọjọ́ kúkúrú níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Abo ẹṣin tí ó bá jẹun kánú lè máa wá akọ yípo ọdún láìsinmi. Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé ‘ẹ dúró de ìgbà òtútù’ kò wúlò fún wa rárá. Nǹkan bí ìgbà mẹ́tàdínlógún lọ́dún ni ọ̀ràn yìí yóò máa padà wá.

Ṣé ìwákọ ni lóòótọ́?

Ní èrò tiwa, ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó gba àkókò jù, òun ni wọ́n sì ń fò dá jù. Bí abo bá ta ìpá sí akọ, tí ó fi etí lẹ́lẹ̀, tí ó sì fẹ́ gé e jẹ, àwọn ènìyàn a ní ‘ó ti bẹ̀rẹ̀’. Òdìkejì ni. Abo tí ń wá akọ lóòótọ́ a dúró fún un, a ya ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, a gbé ìrù sí ẹ̀gbẹ́ kan, a máa tọ̀ ní ìwọ̀nba, ojú abẹ́ rẹ̀ a sì máa ṣí, a máa pa dé. Èyí tí ń jà wà nínú ọjọ́ 14 tí kò fẹ́ akọ, tàbí kí ohun mìíràn máa ṣe é.

Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ kò náni ju ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ. Kí ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin kọ ìwà rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kí ó lè rí ìyípo mẹ́ta: bí ó ṣe tọ̀, bí ó ṣe jẹun, bí ó ṣe gba gàárì, ohun tí ó ṣe nígbà tí ó gbóòórùn akọ. Bí ìwà burúkú náà bá ń padà wá ní ọjọ́ 21, 22, ìwákọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń wà lójoojúmọ́, tàbí tí ó ń wá nígbàkígbà tí a bá di gàárì nìkan, a jẹ́ pé gàárì ni kí a kọ́kọ́ tú wò. Gàárì tí ó ń há ẹ̀yìn, egbò nínú ikùn, kòkòrò nínú ilé ìtọ̀, ẹsẹ̀ tí ń ro ó: gbogbo wọn ni ó lè mú abo ẹṣin na ìrù kí ó sì máa tọ̀. Ẹ̀rù pẹ̀lú a máa mú un tọ̀. Ọmọdébìnrin ẹṣin tí akọ kò tíì gùn rí lè tọ̀ láti fi bẹ ẹni tí ó jù ú lọ, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìwákọ.

Ó tún ku kókó inú ilé ẹyin, irú èyí tí ó máa ń mú abo ṣe bí akọ, tí yóò máa gun àwọn abo ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí kí ìwákọ rẹ̀ má parí mọ́. Dókítà ẹran nìkan ni ó lè fi ọwọ́ àti ẹ̀rọ tí ń fi inú hàn mọ èyí.

Ní ilẹ̀ wa, àrùn mìíràn wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Àwọn tripanosóòmù tí tsetse ń gbé a máa mú ẹṣin rù, a máa mú un rẹ̀, kí ó sì máa kọsẹ̀. Ìbátan wọn kan, Trypanosoma equiperdum, kì í wá eṣinṣin rárá. Inú gígùn láàrin akọ àti abo ni ó ti ń ràn. Abẹ́ abo a wú, nǹkan a sì máa ṣàn níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní ìwákọ, yóò sì fa akọ wá gùn ún. Kí a má ṣe mú akọ sún mọ́ abo tí abẹ́ rẹ̀ wú kí a tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lórí gàárì

Bí ó bá jẹ́ ìwákọ, kò pọn dandan kí iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ abo ni a lè máa gùn lọ, bí a bá dín ohun tí a ń béèrè kù ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, nígbà tí ẹyin fẹ́ jáde, tí ẹ̀gbẹ́ ikùn lè máa ro ó. Kí ẹlẹ́ṣin má fi gìgísẹ̀ gún un ní ẹ̀gbẹ́. Kí ó máa mú un lọ síwájú nínú ìrìn tí ó dúró déédéé, kí ó sì máa yí i ní òbìrìkìtì ńlá, nítorí ẹṣin tí a bá fún níṣẹ́ tí ó yé e kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wo ẹ̀yìn. Àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù létí òkun.

Atẹ́gùn òkun a máa fẹ́ láti gúúsù wá sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án. Bí a bá so abo sí ìhà òkun, tí akọ wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìhà ilẹ̀, òórùn ìtọ̀ rẹ̀ yóò máa bá atẹ́gùn lọ bá akọ ní gbogbo ọ̀sán. Kí á pààrọ̀ ibùso wọn, kí á sì mọ ògiri sí àárín. Níbi àṣehàn tí akọ ẹṣin pọ̀ sí, tí ìbọn ń dún, tí ìlù ń lọ, kí a fi irú abo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ni.

Oògùn àti ewu rẹ̀

Oògùn tí a mọ̀ jù ni altrenogest, tí ń ṣe bíi projẹ́sítírónì. Ẹnu ni a ń fún un gbà lójoojúmọ́, ní ìwọ̀n mílígíráàmù 0.044 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ẹṣin. Ẹṣin tí ó wọn kílò 300 yóò gba nǹkan bíi mílígíráàmù 13. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, ìwà ìwákọ a máa rọlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ. Bí kò bá rọlẹ̀, a ti rí ẹ̀rí pé ohun mìíràn ni ń ṣe ẹṣin náà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi kún ìwọ̀n oògùn.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Abẹ́rẹ́ oxytocin tí a ń gún lójoojúmọ́ láti ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn tí ẹyin jáde lè mú kí kókó tí ń tú projẹ́sítírónì pẹ́ láyé nínú ọ̀pọ̀ abo, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bọ́ọ̀lù gíláàsì tí wọ́n ń tì sínú ilé ọmọ kò ṣiṣẹ́ lára ìdajì àwọn tí a fi sí, ó sì ti fọ́ sínú òmíràn rí. A kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi lò ó mọ́. Yíyọ ilé ẹyin kúrò ń ṣe ẹni tí ó bá rò pé yóò parí ọ̀rọ̀ ní kàyéfì, nítorí pé bí ilé ẹyin ti lọ ni projẹ́sítírónì lọ pẹ̀lú, abo mìíràn a sì máa gbé ìrù sókè síbẹ̀.

Èyí tí ń bà wá lẹ́rù jù ni abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí a ṣe fún ènìyàn, medroxyprogesterone, nítorí pé ó wà lọ́wọ́ àwọn olóògùn káàkiri, kò sì wọ́n. Orúkọ rẹ̀ jọ projẹ́sítírónì, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè rò pé yóò ṣe bíi tirẹ̀. Kì í pa ìwákọ ẹṣin.

Altrenogest pàápàá ní ewu tí kì í ṣe ti ẹṣin. Ó ń gba awọ ara ènìyàn wọlé. Obìnrin tí ó lóyún, tàbí tí ó rò pé òun lè lóyún, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin pàápàá gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ tí omi kò lè gbà kọjá, kí ó sì fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ bí ó bá ta sí i lára. Ẹni tí ń tọ́jú ẹṣin kì í sábà wà níbi tí dókítà àti olówó ẹṣin ti ń sọ̀rọ̀. Orí ìgò náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀, tí òun kò sì lè kà á. Ní agbègbè Àgbádárìgì, èdè Ògù àti Yorùbá ni ó yẹ kí a fi sọ ìkìlọ̀ náà fún un kí a tó fi ìgò lé e lọ́wọ́, kí a sì so ìbọ̀wọ́ mọ́ ìgò náà lára.