Nọ́ńbà Ara Aṣọ àti Téèpù Télọ̀

Ní ọjà Katangua, ní apá Abúlé-Ẹ̀gbá lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, kí oòrùn tó mú ni wọ́n ti máa ń tú béèlì òkìríkà. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé okùn rẹ̀. Bí okùn bá ti já, aṣọ á wú jáde, àwọn obìnrin tó ti yí i ká á nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á máa fa èyí tí ojú rẹ̀ ti rí. Síkẹ́ẹ̀tì ló kún inú èyí tí mo dúró tì. Láti Britain ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Wọ́n rán nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ìbàdí wọn: 10, 12, 14, 16, 18.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni mo tẹ̀ lé dé ọjà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, níbi ìnáwó: "Mo ti di sáìsì 16 o, mo ti sanra jù." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé dọ́kítà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Òmíràn á ní, "Sáìsì 12 lèmi ṣì ń wọ̀ ní tèmi," ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun rán mọ́ aṣọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, tàbí láti fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Mo ki téèpù télọ̀ sínú báàgì, mo jáde nílé.

Ọmọbìnrin kan ya ìsọ̀ náà. "Ẹ bá mi wá sáìsì 14, mà." Ìyá tó ni ìsọ̀ kò dá a lóhùn. Ó wò ó láti ìbàdí dé itan, ó fa síkẹ́ẹ̀tì méjì yọ, 12 kan, 16 kan, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wọ̀ wọ́n wò lórí èyí tó wà lára yín. Ẹ má wo nọ́ńbà yẹn. Ìdí yín ni kí ẹ máa wò." Méjèèjì ló gbà á. 14 tí òun fúnra rẹ̀ wá ṣà kò kọjá itan rẹ̀.

Nígbà tí èrò dín, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà, mo tẹ́ síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sórí pátákó, gbogbo wọn 14, mo wọn ìbàdí wọn yíká. Ọ̀kan jẹ́ ìnṣì 29. Ìkejì lé díẹ̀ ní 31. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33. Ìyá náà ń mi orí bí mo ṣe ń pè é jáde. Ó ní òun kì í ka nọ́ńbà mọ́. Pé tí òun bá bá aṣọ àtijọ́ pàdé nínú béèlì, 16 rẹ̀ kì í ju 12 tòde òní lọ.

Òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́. Ní 1939 àti 1940, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà rán òṣìṣẹ́ jáde, lábẹ́ Ruth O'Brien àti William Shelton, kí wọ́n lọ wọn ara àwọn obìnrin. Obìnrin bí 15,000 ni wọ́n wọ̀n, ojú ibi 59 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n lò. Nígbà tó di 1958, ìjọba gbé ìlànà sáìsì jáde látinú iṣẹ́ náà. Ìbàdí sáìsì 8 nínú ìlànà yẹn jẹ́ ìnṣì 23 ààbọ̀. Ní 1983 wọ́n pa ìlànà náà tì, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń kọ ohun tó bá wù ú sára aṣọ. Ẹni tó ń tajà mọ̀ pé oníbàárà tó ń retí 14, tí 10 wá gbà á, tayọ̀tayọ̀ ni yóò fi sanwó. Bí aṣọ ṣe ń fẹ̀ sí i nìyẹn tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. Sáìsì 8 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà lóde òní fi ju ìnṣì mẹ́ta lọ tóbi ju ti 1958 ní ìbàdí.

Kí a má tíì sọ ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní 12 ní Britain, 8 ni ní Amẹ́ríkà, 38 ní Jámánì, 40 ní Faransé, 44 ní Ítálì. Ara kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin rò pé tiwọn yàtọ̀, nítorí pé ìnṣì gidi ni wọ́n kọ sára ṣòkòtò wọn. Mo yà sí ìsọ̀ jíǹsì, mo wọn èyí tí wọ́n kọ 34 sí. 36 ààbọ̀ ló jẹ́. Ní 2010, ìwé ìròyìn Esquire ní Amẹ́ríkà ròyìn ṣòkòtò tí wọ́n kọ 36 sí láti oríṣiríṣi ilé ìtajà, tí wọ́n sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan nínú wọn tó ìnṣì 41. Ọkùnrin tó ń wọ irú èyí lè máa fọ́nnu pé sáìsì òun kò yí padà láti ìgbà tí òun ti wà ní yunifásítì.

Bí mo ṣe ń jáde, alábàárù kan gbé béèlì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èjìká rẹ̀ àti àyà rẹ̀ fẹ̀ débi pé ṣẹ́ẹ̀tì tó kéré sí XXL kò lè wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá tó ni béèlì jókòó lábẹ́ agboòrùn, ó ń ka owó. Apá rẹ̀ tín-ín-rín, èjìká rẹ̀ kéré, L ni ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bọ́tìnnì ibi ikùn sì ti ń fà. Ẹni tó bá fi lẹ́tà ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì dájọ́ á ní alábàárù ni kó lọ rí dọ́kítà.

Ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ kan ni mo gbà lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà níbẹ̀ fún mi láyè láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọn àwọn tó wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo bi í bóyá wọ́n máa ń béèrè sáìsì aṣọ. Ó wò mí, ó ní, "Sáìsì wo? Ta ló ń wọ sáìsì nínú àwọn màmá yìí?" Mo wo bẹ́ǹṣì. Ìró ni gbogbo wọn ró, àfi ẹnì kan tó wọ bùbú. Ìró kì í fún èèyàn. Bí ikùn bá ti tóbi sí i, a óò tún un ró ni, etí rẹ̀ á kàn kúrú díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣòkòtò olókùn àti agbádá. Aṣọ ìbílẹ̀ wa rọra ń gba ara mọ́ra, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi ìnṣì mẹ́wàá sanra nínú rẹ̀ láìsí ohun tó máa ta á lólobó.

"Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ tú ìró sílẹ̀ díẹ̀." Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn, ó wá orí eegun ìbàdí, ó sì fi téèpù sí àárín méjèèjì. "Ẹ mí síta. Ẹ má fa ikùn wọlé, màmá. Ẹ̀yin lẹ máa tan ara yín jẹ." Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kí ikùn wá síbi tó wà.

Wọ́n ti kọ́kọ́ gun ìwọ̀n, wọ́n sì ti wọn gíga wọn. Ìṣirò tí wọ́n ń lò níbẹ̀, Adolphe Quetelet ọmọ Belgium ló pilẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1832; Ancel Keys ló fún un lórúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, BMI, ní 1972. Wọn á fi gíga ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn á sì fi èsì rẹ̀ pín kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó sì jẹ́ kílò 64, 25 ló máa rí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń sọ pé ìsanra ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù. Láti 30 sókè, ó ti di àìsàn lójú àwọn oníṣègùn. Ó sàn ju nọ́ńbà aṣọ lọ, nítorí ó ka gíga mọ́ ọn: obìnrin gíga tó ń wọ 16 lè máà sanra rárá, kí kúkúrú tó ń wọ 12 sì ti sanra kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n òun náà kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Alábàárù Katangua lè kùnà níbẹ̀.

Ìdí tí nọ́ọ̀sì fi ń fa téèpù nìyẹn. Ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kò léwu tó èyí tó wọ inú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ti inú ikùn yìí ló ń bá àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn rìn. Púpọ̀ nínú obìnrin wa, ìdí ló ń sọ síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa rà. Nọ́ńbà aṣọ wọn ń ka ibi tí ewu ti kéré jù. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, IDF, fi ààlà sí sẹ̀ǹtímítà 80 fún obìnrin, ìnṣì 31 ààbọ̀, àti 94 fún ọkùnrin, ìnṣì 37. Nọ́ọ̀sì fi kún un pé ìwọ̀n àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n yá fún àwa tí a wà ní gúúsù Sàhárà, títí dìgbà tí wọ́n á fi rí tiwa tó péye. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe sáìsì aṣọ, wọn ò ka obìnrin dúdú mọ́ ọn. Ààlà ìlera náà, yíyá la yá a.

Ọ̀rọ̀ sáìsì aṣọ àti ìlera yìí wá rán mi létí iṣẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ University College London gbé jáde ní 2014. Wọ́n bi obìnrin tó tó 93,000, tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, ní sáìsì síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí wọ́n wà láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún, àti èyí tí wọ́n ń wọ̀ báyìí. Ẹni tí sáìsì rẹ̀ ń fi ìpele kan gòkè ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ewu jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tí tirẹ̀ dúró lójú kan lọ. Iṣẹ́ náà kò sọ pé síkẹ́ẹ̀tì ló ń fa àrùn, kò sì fi 14 ẹnì kan wé 16 ẹlòmíràn. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wé ara rẹ̀ àtijọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni aṣọ ti lẹ́nu ọ̀rọ̀: sípù tó ń pa dé lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí kò pa dé mọ́, tí aṣọ ò sì fún nínú omi, òótọ́ ló ń sọ, nọ́ńbà yòówù kí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilé télọ̀ ni mo parí ọjọ́ náà sí, ní ìsọ̀ obìnrin kan ní Ìyànà-Ìpájà. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan wà lórí tábìlì rẹ̀, ojú ìwé kan fún oníbàárà kan. Ó fọwọ́ bo orúkọ, ó fi ọ̀kan hàn mí. Ìbàdí 36, ìgbéyàwó ọmọ. 38, ìsìnkú bàbá. 41, Kérésì. Kò kọ déètì kankan, ìnáwó ló fi ń rántí ọdún. Mo bi í bóyá aṣọ tó rán náà jẹ́ 41. Ó ní rárá, òun máa ń fi ìnṣì méjì kún un kí aṣọ lè mí, òun á tún fi àyè sílẹ̀ nínú ojú rírán kí òun lè rí i tú lọ́jọ́ iwájú. Ìwọ̀n ara ló wà nínú ìwé.

"Ṣé ẹ sọ fún màmá yìí pé wọ́n ti kúrò ní 36?"

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Kí n sọ kí ni? Tí n bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ télọ̀ mìíràn ni wọ́n á gbé aṣọ ẹbí lọ. 'Ẹ ti ń gbádùn, mà,' ni mo máa ń wí." Tí ẹnì kan bá wá rù, ó ní òun á béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà, mà?" Ọ̀wọ̀ ló fi ń ṣe é, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, mo wo ìwé yẹn, ó dùn mí pé ohun tó lè ṣèrànwọ́ jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kò sí ààlà tí a yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Téèpù kan náà ni, ọwọ́ kan náà, ara kan náà, ọdún dé ọdún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ déètì sí i. Ó mú báírò, ó kọ ti ọjọ́ náà sórí ojú ìwé tuntun.

Oníbàárà kan wọlé pẹ̀lú àǹkárá Iléyá. Télọ̀ wọ̀n ọ́n, ẹnu rẹ̀ ń pe nọ́ńbà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bó ṣe ń kọ wọ́n. Obìnrin náà ti gbọ́ ohun tí a ń sọ kó tó wọlé.

"Èló ni ìbàdí mi lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Télọ̀ ṣí ìwé sẹ́yìn. Ó wo ojú mi, ó wo ojú rẹ̀. "35, mà."

"Lónìí ńkọ́?"

"39 ààbọ̀."

Obìnrin náà ní kó kọ méjèèjì sórí bébà fún òun, òun máa mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń wọn èèyàn ní ibùdó ìlera, mo sọ fún un. Télọ̀ bi í pé ṣé kí òun gé aṣọ náà kó kéré díẹ̀, bóyá ó máa fọn kó tó di ọjọ́ Iléyá.

"Rárá o. Ẹ gé e bí mo ṣe rí lónìí, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kí ẹ lè gbà á wọlé."